Ọgọ́rùn-ún Dọ́là Ọ̀gbẹ́ni Stroud

"Wọ́n ní ọgọ́rùn-ún dọ́là ni bàbá yẹn kó sílẹ̀ o."

"Fún ta?"

"Fún Odegaard, tíṣà olórin. Ogójì péré ló sì dé ilé ẹ̀kọ́."

"Ọgọ́ta yòókù wá ńkọ́?"

"Hmm. Èmi ò sọ nǹkan kan o. Ṣùgbọ́n mọ́tò tí obìnrin yẹn ń gùn..."

"Èyí tí ìpẹtà ti jẹ nídìí yẹn?"

"Ó ti pààrọ̀ táyà ẹ̀. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin."

"Áà."

Ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa ni wọ́n ti ń sọ ọ́, lẹ́yìn ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, níbi tí àwọn àgbà ti máa ń mu kọfí. Èmi wà nídìí omi, mò ń fọ ife. Ẹni tí kì í bá sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn èèyàn máa ń gbàgbé pé ó létí. Kí n tó fọ ogún ife tán, táyà mẹ́rin ti di mọ́tò tuntun, ọgọ́ta dọ́là sì ti di ẹgbẹ̀ta. Ẹnì kan tiẹ̀ ní Ìyáàfin Odegaard fẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá náà lórí fóònù pé, "Ọgọ́ta yẹn ti lọ nìyẹn," tó sì pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ẹni tó mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́ gan-an dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń nu ife tí mo bá ti fọ̀. Delaney ni, ọmọ Àǹtí Corinne, àbúrò ìyá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Nígbà tí wọ́n dárúkọ táyà, ife bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fọ́ sílẹ̀.

"Kí ló ṣe ẹ́?" mo bi í.

"Kò sí nǹkan kan. Ó kàn rẹ̀ mí ni."

Ọ̀rọ̀ tó máa ń jáde lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìyẹn. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu òun rí.

*

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí, bí òun fúnra rẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún mi nígbà tó yá.

Ní oṣù Kẹsàn-án, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Pruitt wá sí ilé ẹ̀kọ́ wọn láti ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe bísíkíìtì. Kì í ṣe bísíkíìtì tí wọ́n ti yan o. Wọ́n á ti po ìyẹ̀fun rẹ̀ pẹ̀lú bọ́tà àti ṣúgà, wọ́n á dì í sínú ike onídérí, á wá dì gbagidi nínú fírísà. Ẹni tó bá rà á ni yóò yan án fúnra rẹ̀ nílé. Ogún dọ́là ni ike kan. Àwọn ọmọ ló máa ń gbé ìwé aláwòrán rẹ̀ káàkiri láti ojúlé dé ojúlé, ilé ẹ̀kọ́ àti ilé-iṣẹ́ á sì jọ pín èrè. Ọdọọdún ni wọ́n ń ṣe é ní ìlú wa, bí wọ́n ṣe ń retí yìnyín ni wọ́n ń retí rẹ̀.

Pruitt mọ iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ afọnfèrè, tí Delaney wà lára wọn, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ju pẹ́pẹ́yẹ onírọ́bà sí wọn bí ẹni ń fún adìyẹ lóúnjẹ.

"Ta ló fẹ́ gun mọ́tò gbọọrọ?"

"Èmi!"

"Mi ò gbọ́! Ta ló fẹ́ gun mọ́tò gbọọrọ bí òṣèré, kó lọ jẹ písà nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń ṣe ìṣirò?"

"Èmiiii!"

"Ọgbọ̀n ike péré! Ẹni tó bá ta ọgbọ̀n ike, ó ti wọlé!"

Nígbà tó jókòó, Ìyáàfin Odegaard dìde. Ilé ẹ̀kọ́ méjì ni obìnrin yìí ń pín ara rẹ̀ sí, àárọ̀ ní ìlú wa, ọ̀sán ní ìlú kejì, inú mọ́tò ló sì ti ń jẹun. Ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa," ó ní. "Nínú ogún dọ́là, mẹ́jọ ló máa dúró sọ́dọ̀ wa. Méjìlá á bá Ọ̀gbẹ́ni Pruitt lọ. Ó dáa bẹ́ẹ̀, a ti jọ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tẹ́nì kan bá kàn fẹ́ ta wá lọ́rẹ, tí kò fẹ́ bísíkíìtì, ẹ má kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù o. Inú àpòòwé yẹ́lò yìí ni kẹ́ ẹ fi sí. Ohun tó bá wà nínú àpòòwé yìí, kò sẹ́ni tó máa bá wa pín in."

Ọmọkùnrin kan nawọ́ sókè. "Ṣé ó máa kún iye tá a fi ń wọ mọ́tò gbọọrọ?"

"Rárá."

"Kí wá ni ìwúlò ẹ̀?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyáàfin Odegaard náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ń pín àpòòwé náà kiri lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ló fi òǹtẹ̀ lù wọ́n nílé.

*

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Brynn, ọ̀rẹ́ Delaney, ti ta ike méjìlélógójì. Kò rin ìgbésẹ̀ kan. Bàbá rẹ̀ ló gbé ìwé aláwòrán náà sórí tábìlì ní ilé-iṣẹ́ pákó tó ti ń ṣe ọ̀gá, àwọn tó ń bẹ lábẹ́ rẹ̀ sì ń kọ orúkọ sí i. Ta ló máa wo ojú ọ̀gá rẹ̀ kó ní òun ò jẹ bísíkíìtì?

Iṣẹ́ alẹ́ ni Àǹtí Corinne ń ṣe ní tirẹ̀, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, wọn kò sì gbà kẹ́nikẹ́ni tajà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹsẹ̀ Delaney ló ṣiṣẹ́. Tó bá ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn. Ilé tó bá dé, ọmọ ẹlòmíràn ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. "A ti rà lọ́wọ́ ọmọ Haas." "A ti rà lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi." "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ ò ní pa wá báyìí?" Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi rìn. Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n gba fọ́ọ̀mù padà, ike mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló ní.

"Márùn-ún péré ló kù ẹ́ kù," Brynn ní. "Má jẹ́ kí n nìkan lọ o. Àbí o fẹ́ bá àwọn ọmọ kékeré jẹ sáńwíìṣì lọ́jọ́ yẹn? Kí n bá ẹ kí písà?"

Ọ̀rẹ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún.

Ilé Ọ̀gbẹ́ni Verlin Stroud ló kẹ́yìn ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tí kò sí ọkọ̀ lórí rẹ̀ mọ́. Ojú irin yẹn ló fi ogójì ọdún tún ṣe. Ìyàwó rẹ̀, Arlene, kú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún yẹn, àwọn ọmọ kì í sì í fẹ́ kanlẹ̀kùn ibẹ̀ mọ́, wọn ò mọ ohun tí wọ́n máa sọ. Delaney kàn án. Òtútù ti mú un débi pé kò mọ ìka rẹ̀ lára mọ́.

Bàbá náà fetí sílẹ̀ títí ó fi parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó sì jáde pẹ̀lú ogún dọ́là márùn-ún. Ó sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀, ohùn rẹ̀ kò ju bí ẹni ń mí lọ. Ó yé Delaney dáadáa. Bàbá kò fẹ́ bísíkíìtì kankan. Ó fún ilé ẹ̀kọ́ lówó ni, gbogbo ẹ̀. Ó dúpẹ́, ó sì sáré lọ sílé.

Àpòòwé yẹ́lò wà nínú báàgì rẹ̀, kò tíì ṣí i rí. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì ilé ìdáná, ó tẹ́ fọ́ọ̀mù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń sùn nínú yàrá kí àsìkò iṣẹ́ tó tó. Ogún dọ́là márùn-ún. Ike márùn-ún. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n àti márùn-ún.

"Kì í kúkú ṣe olè," ó sọ fún ara rẹ̀. "Mi ò mú kọ́bọ̀ níbẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ. Bàbá á kàn rí bísíkíìtì gbà lórí ẹ̀ ni."

Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́jọ àti méjìlá lẹ́nu tíṣà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ibi tí yóò gbà kì í rántí pé wọ́n ti di ọ̀nà ibẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù: Stroud, márùn-ún, oní-ṣokoléètì.

*

Mọ́tò gbọọrọ dé ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù Kọkànlá. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wọ̀ ọ́. Gíláàsì rẹ̀ dúdú, kò sẹ́ni tó rí wọn láti ìta. Inú rẹ̀ ń rùn bí lọ́fínńdà tó ti pẹ́. Ó rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì dé ilé písà tí Delaney ti ń bá ìyá rẹ̀ lọ láti kékeré.

"Tán?" ni Delaney ní.

"O ò mọ nǹkan gbádùn," Brynn dá a lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì ni ọkọ̀ tó ní fírísà kó àwọn ike dé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kó pín tirẹ̀ fún àwọn tó rà á. Delaney pín mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tó ku ti ilé Stroud, ó ní inú ń run òun. Ìyáàfin Lindqvist, ìyá Brynn, ní kò sí wàhálà, òun á gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀gbẹ́ni Stroud wo ike márùn-ún náà, ó wo obìnrin náà.

"Kí lèyí?"

"Bísíkíìtì tẹ́ ẹ rà ni, sà."

"Èmi? Èmi tí dókítà ní ṣúgà ló máa pa mí? Mi ò ra nǹkan kan. Mo fún ilé ẹ̀kọ́ ní ọgọ́rùn-ún dọ́là ni."

Ìyáàfin Lindqvist ti wà nínú ẹgbẹ́ òbí fún ọdún mẹ́fà, ó mọ bí wọ́n ṣe ń pín in. Orí ìdúró níbẹ̀ ló ti fi ìka ṣírò rẹ̀. "Ogójì péré ló máa kan ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn," ó ní. "Tíṣà olórin yẹn ti fi ọrẹ yín ṣe ọjà, sà." Ó gbé ike náà sílẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn, ó sì lọ ṣe irun rẹ̀. Ẹni tó bá mọ ilé ìṣerun ìlú wa ti mọ ìyókù.

Bàbá náà pe Ìyáàfin Odegaard. Ìyẹn wo fọ́ọ̀mù, ó rí i pé ike márùn-ún ni wọ́n kọ. Ó pe Pruitt, Pruitt ní àánú rẹ̀ ṣe òun, ṣùgbọ́n wọ́n ti po ìyẹ̀fun, wọ́n ti gbé e dé, wọ́n sì ti sanwó mọ́tò gbọọrọ. Nígbà náà ni Ìyáàfin Odegaard wá ṣe ohun tó ba tirẹ̀ jẹ́ pátápátá. Ó mú ọgọ́ta dọ́là láti inú owó oṣù rẹ̀, ó gbé e lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Stroud. Bàbá náà kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n aládùúgbò kan rí i níbi tó ti ń fi owó náà lọ̀ ọ́.

"Bí kì í bá ṣe òun ló jẹ ẹ́, kí ló ń dá padà?" Ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní ìlú nìyẹn.

*

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí ife fọ́ lọ́wọ́ Delaney, ó lọ sí yàrá orin lẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́. Ìyáàfin Odegaard wà nídìí iṣẹ́, ó ń fi tépù wé ọrùn fèrè ńlá kan tó ti là.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà."

"Ọ̀ọ́. Bá mi di ibí yìí mú."

Delaney dì í mú. Ìyáàfin Odegaard wé e lẹ́ẹ̀mẹta, ó já tépù náà.

"Ẹ ti rí fọ́ọ̀mù mi, àbí?"

"Mo ti rí i láti ọjọ́ tí bàbá yẹn pè mí."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wọn pé èmi ni?"

"Mò ń retí ẹni tó ni ín ni." Ó jókòó sórí àpótí fèrè, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nu ojú. "Ó ti rẹ̀ mí, Delaney. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mò ń ta bísíkíìtì, àbẹ́là, àti bébà tí wọ́n fi ń dì ẹ̀bùn, kí ẹ lè rí fèrè fọn. Pruitt kì í ṣe olè. Ìyẹ̀fun wà nínú ọgọ́ta yẹn, ọkọ̀ wà níbẹ̀, pẹ́pẹ́yẹ yín wà níbẹ̀, oúnjẹ àwọn ọmọ ẹ̀ náà wà níbẹ̀. Nínú ọgọ́rùn-ún, márùndínlógójì ló fẹ́ fún wa tẹ́lẹ̀, mo bá a fà á títí ó fi di ogójì. Ẹni tó bá rajà mọ̀ pé ọjà lòún rà, kò sẹ́ni tá a tàn jẹ. Ṣùgbọ́n ọrẹ kì í ṣe ọjà. Ẹni tó ta wá lọ́rẹ fọkàn tán wa ni. Tá a bá lọ pín in fún ẹni tí kò ní i lọ́kàn, owó nìkan kọ́ la fi ṣòfò."

Delaney bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ìyáàfin Odegaard kò gbá a mọ́ra, kò sì lé e.

"Ọjọ́bọ̀ la ní ìpàdé ẹgbẹ́ òbí," ó ní. "Láti ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ń wá ibi tí wọ́n máa gé nínú owó ilé ẹ̀kọ́. Bí wọ́n bá ti gbà pé olè ni mí, orin ni wọ́n máa gé. Mi ò ní dárúkọ ẹ. Ọmọdé ni ẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún ẹ náà."

Nígbà tí Brynn gbọ́, ẹnu yà á. "Ṣé o ya wèrè ni? Fọwọ́ mẹ́nu jàre! Wọ́n á ti gbàgbé kó tó di Kérésìmesì."

"Odegaard ńkọ́?"

"Àgbàlagbà ni. Àgbàlagbà máa ń rí iṣẹ́ míì."

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ kí Àǹtí Corinne tó wọlé láti ibi iṣẹ́. Ó bọ́ bàtà kan, kò tíì bọ́ ìkejì, nígbà tí Delaney sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá rẹ̀ rọra bọ́ bàtà kejì.

"Torí písà?"

"Torí písà, mọ́mì."

"Tó o bá sọ fún mi pé písà lo fẹ́, ṣé mi ò ní rà á?" Ó mirí. "Ẹni tó bá bí ọmọ ọ̀ràn ló ń pọ̀n ọ́n. Ọjọ́bọ̀, àbí? Mà á wá ẹni tó máa bá mi wọṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnu ẹ lo máa fi sọ ọ́ o. Èmi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

*

Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ìpàdé bẹ̀rẹ̀, ní yàrá ìjẹun ilé ẹ̀kọ́. Àsìkò ọdẹ àgbọ̀nrín ni, ìdajì àwọn bàbá ló wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn wá láti inú igbó. Ìyá mi ni akọ̀wé ẹgbẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé ló ti kọ́ èmi níwèé, torí náà mo bá a gbé ìwé rẹ̀ lọ, mo sì jókòó sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Stroud wà nídìí ògiri, fìlà lórí itan. Ìyáàfin Odegaard nìkan ló wà ní tábìlì tirẹ̀. Àga wà níbẹ̀, kò sẹ́ni tó jókòó tì í.

Ọ̀gbẹ́ni Haas, alága, wúkọ́. "Ẹ jẹ́ ká má fi ṣòfò. Ìyáàfin Odegaard, ṣé òótọ́ ni pé ẹ gbé ọgọ́ta dọ́là lọ fún Ọ̀gbẹ́ni Stroud?"

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé?"

"Torí ó tọ́ sí ilé ẹ̀kọ́, kò sì dé ibẹ̀."

Ariwo sọ. Ìyáàfin Lindqvist ní, "Ẹ gbọ́ o, òun ló sọ ọ́!" Ẹnì kan ní ẹ̀yìn ní, "Ṣe bí mo wí fún yín nípa táyà!"

Mo wo Delaney. Ó di etí tábìlì mú bí ẹni tí omi fẹ́ gbé lọ. Àǹtí Corinne kò wò ó. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn, ó kàn tì í díẹ̀ báyìí, bí ẹni ti ilẹ̀kùn tó ti ṣí tẹ́lẹ̀.

"Èmi ni," Delaney ní.

Wọn kò gbọ́.

"Èmi ni mo kọ ọ́! Bàbá ò ra bísíkíìtì. Àpòòwé yẹ́lò ló yẹ kí n fi owó wọn sí, mo wá kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù bíi pé wọ́n ra ike márùn-ún, torí márùn-ún ló kù kí n fi wọ mọ́tò gbọọrọ. Ìyáàfin Odegaard ò mọ̀ rárá. Nígbà tí wọ́n mọ̀, owó ara wọn ni wọ́n mú jáde, wọn ò sì dárúkọ mi."

Ìyáàfin Lindqvist ń wo èékánná rẹ̀. Ẹni tó dárúkọ táyà dì mọ́ ife kọfí rẹ̀.

"Ọgọ́rùn-ún dọ́là, torí písà," ni ọdẹ kan sọ jẹ́jẹ́. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Kí n tó sọ bí ìpàdé náà ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó tẹ̀ lé e. Wọn kò gé orin. Ilé-iṣẹ́ kò dá kọ́bọ̀ padà. Ike márùn-ún náà ti yọ́ nínú oòrùn níwájú ilé Ọ̀gbẹ́ni Stroud, torí bàbá náà kò jẹ́ kí ó wọ ilé rẹ̀, inú àkìtàn ló sì bá lọ. Ọgọ́ta dọ́là yẹn, Delaney ló san án fún ilé ẹ̀kọ́. Ó ń kó yìnyín kúrò ní ẹnu ọ̀nà àwọn èèyàn, dọ́là márùn-ún márùn-ún, oṣù Kejì ti wọlé kó tó san án tán. Brynn kò bá a sọ̀rọ̀ títí di Àjíǹde. Ní ti Ìyáàfin Odegaard, kò sẹ́ni tó wá bẹ̀ ẹ́. Ní ìlú wa, ẹni tó bá jẹ̀bi kì í bẹ̀bẹ̀, oúnjẹ ló máa ń sè wá. Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ń gbé abọ́ ọ̀dùnkún oníwàrà sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láìkanlẹ̀kùn. Ó ní òun jẹ ẹ́ títí ó fi sú òun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ̀ ń ka èyí, ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ kò fara sin. Èèyàn lè má jí kọ́bọ̀, kó sì ba ìfọkàntán èèyàn jẹ́. Irọ́ kékeré tá a bá fi ẹsẹ̀ ara wa gbé wọlé, ẹlòmíràn ló máa ń gbé ẹrù rẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo tá a fi lè gbà á lórí onítọ̀hún ni ká dìde, ká fi ẹnu ara wa sọ òótọ́, bó ti wù kó rẹ̀ wá tó. Ẹni tó bá sì rán wa ní iṣẹ́, bó ṣe rán wa ni ká jẹ́ ẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìpàdé náà, ìyá mi gbé bírò sókè. Ó ti kọ ohun kan nípa Ìyáàfin Odegaard sínú ìwé tẹ́lẹ̀, ó sì ti fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

"Alága, kí ni kí n kọ? Mo fẹ́ mọ ohun tí Ọ̀gbẹ́ni Stroud sọ gan-an lọ́jọ́ tí wọ́n fún Delaney lówó. Tí mi ò bá kọ ọ́, ó di ọ̀la kí wọ́n tún sọ òmíràn."

Gbogbo ojú yí sí bàbá náà. Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lórí itan.

"Mo ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Ọmọ yẹn ló gbọ́ ọ. Ẹ bi í."

"Ṣé o rántí?" ìyá mi bi Delaney.

"Mo rántí, mà."

"Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an o."

Delaney nu ojú rẹ̀ nù. Kò wo ìyá mi, kò wo alága. Ọ̀gbẹ́ni Stroud ló ń wò.

"Wọ́n ní: 'Èmi ò jẹ bísíkíìtì, ọmọ mi, má mú ìkankan wá. Arlene ló ń fi owó yìí pamọ́ sínú agolo, kò sì sọ ohun tó fẹ́ fi ṣe fún mi kó tó lọ. Gbé gbogbo ẹ̀ fún tíṣà yín, kó fi tún àwọn fèrè tó ti bàjẹ́ ṣe. Má kọ orúkọ mi síbì kankan. Ó yá, máa lọ sílé, òtútù ti mú ẹ.'"